Kí Ẹ Tó Kó Láti Ìbàdàn Lọ sí Èkó: Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Ìnáwó Ìlú Kan Wé Ti Èkejì

Ẹni tó ń gba 260,000 náírà lóṣù ní Ìbàdàn rí iṣẹ́ tó máa san 400,000 ní Èkó. Ó dúpẹ́, ó di ẹrù, ó lọ. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin, ó ti ń yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ jókòó níbi iṣẹ́. Mo ti rí i lára àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ya àpà. Owó oṣù ló fi wé owó oṣù, owó ilé ló fi wé owó ilé, ó sì gbà pé ìṣirò ti parí.

Ohun tó yẹ ká gbé síwájú ara wọn ni ìgbé ayé ilé yín gan-an: oúnjẹ tí ẹ ń jẹ, iye ọmọ tí ẹ bí, òbí tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí, bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa rí ní ìlú méjèèjì. Ìbàdàn sí Èkó ni mo máa fi ṣàlàyé, torí ọ̀nà yẹn ni èmi fúnra mi gbà. Gbogbo iye owó tí mo bá fi ṣe ìṣirò, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ Òṣogbo sí Àbújá ni ẹ̀ ń lọ, ọ̀nà ìṣirò náà kò yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Bí àkáǹtì yín bá ju ọ̀kan lọ, ti gbogbo wọn.
- Ìwé kan tí ẹ fa ìlà sí ọ̀nà mẹ́ta: orúkọ ìnáwó, Ìbàdàn, Èkó. Orí fóònù náà dára.
- Rìsíìtì káàdì iná mẹ́ta tó kẹ́yìn.
- Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò ní ilé ìdáná.
- Ẹnì kan tó ń gbé ní àdúgbò tí ẹ fẹ́ lọ, tí kò ní jèrè kankan bí ẹ bá kó wá tàbí bí ẹ kò kó wá. Ajẹ́ńtì kò sí lára wọn.
- Ọjọ́ iṣẹ́ méjì gbáko tí ẹ máa fi wà ní Èkó kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìpele 1: Ẹ mọ iye tí ẹ ń ná níbi tí ẹ wà

Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. A mọ owó ilé, a mọ owó ilé ìwé, ìyókù wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ tẹ sítétímẹ́ǹtì yín sílẹ̀, kí ẹ pín gbogbo owó tó jáde sí ọ̀wọ́ méje: ilé, iná àti epo ẹ̀rọ, oúnjẹ àti omi, ọkọ̀, ilé ìwé, ẹbí, ìyókù. Owó tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ onípíóòẹ́ẹ̀sì, ẹ rántí ohun tí ẹ fi ṣe. Ìnáwó ọdún, ẹ fi 12 pín in. Owó ilé ìwé táàmù mẹ́ta, ẹ rò ó pọ̀ kí ẹ tó pín in. Aṣọ ẹbí àti owó tí ẹ fi ń ṣe ọdún nílé náà, ẹ má fò wọ́n.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà: ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Kànga tó wà lẹ́yìnkùlé, tí ẹ kò fi ra omi rí. Màmá tó ń lọ mú ọmọ ní ilé ìwé ní aago méjì ọ̀sán. Àpò gààrí àti èlùbọ́ tó ń ti abúlé wá. Gbogbo ìwọ̀nyí máa di ohun tí ẹ ń fi owó ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá kó kúrò. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi òdo sí abẹ́ Ìbàdàn, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ sí abẹ́ Èkó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ro gbogbo ọ̀wọ́ méjèèje pọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ fi wé iye tó jáde nínú àkáǹtì. Bí owó tí ẹ kò rí ojútùú rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú ogún lọ, ẹ padà sórí rẹ̀. Ibi tí owó yẹn ń gbà jáde ní Ìbàdàn ló máa gbà jáde ní Èkó, pẹ̀lú ariwo.

Ìpele 2: Àdúgbò ni kí ẹ fi wé àdúgbò

Ẹ má béèrè iye tí ilé jẹ́ ní Èkó. Ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ òpópónà tí ọ́fíìsì wà, kí ẹ wá mú àdúgbò mẹ́ta: èyí tó sún mọ́ ọn, èyí tó wà láàárín, èyí tó jìnnà. Bí iṣẹ́ bá wà ní Ìkẹjà, ó lè jẹ́ Ògbà, Ìjú àti Mowé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa gbé dé ìparí ìṣirò, torí ilé tí owó rẹ̀ kéré jù lè jẹ́ èyí tó máa gbọ́n àpò yín gbẹ.

Ẹ fi irú wé irú. Ẹni tó ń gbé Bódìjà, tí ọ̀dà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó wá fi ilé rẹ̀ wé yàrá inú irà kan ní Èkó, kò tíì fi nǹkan kan wé ara wọn. Ẹ sì mọ̀ pé Mowé, Ìbàfò àti Sángo Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn, bí àwọn èèyàn bá tilẹ̀ ń pè wọ́n ní Èkó. Òfin ayálégbé Èkó kò dé ibẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ lè sọ orúkọ ibùdókọ̀ tí ẹ máa ti wọkọ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan? Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ìlú lẹ ṣì ń rò.

Ìpele 3: Ilé, àti owó kọ́kọ́rọ́

Ọ̀tọ̀ ni owó tí ẹ máa san lọ́dọọdún, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ẹ máa san lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Ká sọ pé fúláàtì oníyàrá méjì kan jẹ́ 1,200,000 lọ́dún. Ajẹ́ńtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 120,000. Lọ́yà gba iye kan náà fún àgírímẹ́ǹtì. Owó kọ́ṣọ̀n, èyí tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́, jẹ́ 100,000. Ọkọ̀ tó kó ẹrù wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn tó gbé e, 140,000. Owó ìwọlé ti di 480,000. Ẹni tó ní 1,200,000 lọ́wọ́ kò tíì lè kó. 1,680,000 ló nílò, kò sì tíì ra kọ́tìnì.

Ẹ béèrè bóyá owó sáfíìsì wà lórí ilé náà, ohun tó ń ṣe, àti bóyá ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹ béèrè iye tí ẹni tó ń gbé òkè ń san. Bí tirẹ̀ bá kéré gan-an sí èyí tí wọ́n pè fún yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi kún tiyín náà lọ́dún tó ń bọ̀.

Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ayálégbé náà kò sì gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú owó ọdún méjì wá, ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Omi lẹ máa wò ṣìkejì. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó sún mọ́ ọ̀sà, omi bọhóòlù máa ń pọ́n bí omi inú agolo tó ti dípẹtà, wọ́n á fi fọ aṣọ, wọ́n á wá máa ra omi tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú ike funfun, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó wò ó. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà méjì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, owó ilé lóṣù (nínú àpẹẹrẹ mi, 100,000) àti owó ìwọlé (480,000).

Ìpele 4: Iná

Bí ilé bá wà ní Band A, èyí tó ga jù nínú ìsọ̀rí márùn-ún tí wọ́n pín àwọn oníná sí, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná gbọ́dọ̀ fún un ní iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Band B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ní April 2024 wọ́n gbé owó Band A lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan, wọn kò sì fọwọ́ kan ti àwọn band tó kù. Nítorí náà, band ilé náà ṣe pàtàkì ju orúkọ ìlú lọ. Láti Band C ní Ìbàdàn bọ́ sí Band A ní Èkó, owó káàdì lè di ìlọ́po mẹ́ta kí ẹ tó ra ohun èlò tuntun kan.

Ẹ mú rìsíìtì yín, ẹ wo iye yúnìtì tí ẹ ń jó lóṣù, kí ẹ gbàgbé náírà. Ẹ wá bẹ aládùúgbò tuntun náà kó fi fọ́tò rìsíìtì tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ fi yúnìtì pín owó tó san (owó-orí VAT 7.5% ti wà nínú rẹ̀), kí ẹ fi ohun tó bá jáde sọ yúnìtì tiyín di púpọ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ lẹ máa rò pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbé Band A lè fi owó epo tó dínkù san lára owó káàdì tó pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó iná àti epo sí ọ̀wọ́ kan náà.

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbójú fò: gbèsè ayálégbé àtijọ́ lè wà lórí míítà. Ẹ ra káàdì 2,000 sórí rẹ̀ lójú onílé kí ẹ tó san owó ilé. Bí yúnìtì tó wọlé bá kéré jù fún band náà, gbèsè ló ń jẹ ẹ́. Onílé ni kó san án.

Ìpele 5: Oúnjẹ, kílò sí kílò

Ibí ni ojú ti máa ń tan èèyàn jù. Ní Bódìjà, kóńgò ni wọ́n máa ń fi wọn ìrẹsì. Ẹ dé Èkó, agolo dẹ́ríkà lẹ máa bá, tàbí ike pẹ́ńtì. Èèyàn á gbọ́ pé dẹ́ríkà jẹ́ 1,500, kóńgò jẹ́ 2,400, á ní oúnjẹ Èkó mà dínwó.

Mo gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n ilé ìdáná mi. Kóńgò Bódìjà, tí ìyá oníraìsì rọ́ ìrẹsì sí títí tó fi ṣe ṣóńṣó, tó tún wá bu èènì lé e, jẹ́ kílò 1.48. Dẹ́ríkà tí mo rà ní Èkó, ọ̀bẹ ni wọ́n fi nu orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Mo yí agolo náà padà, mo rí i pé ìdí rẹ̀ ti wọ inú bí ẹni fi òòlù lù ú. Kílò 0.86. Ẹ pín in: ti Ìbàdàn jẹ́ náírà 1,622 fún kílò kan, ti Èkó jẹ́ 1,744. Èyí tó dà bíi pé ó dínwó ló wọ́n jù.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun mẹ́wàá tí ilé yín ń jẹ jù. Fún ọ̀pọ̀ ilé, ìrẹsì, gààrí, ẹ̀wà, èlùbọ́, iṣu, epo pupa, òróró, tòmátì àti ata, ẹja, ẹyin ni. Epo àti òróró, ẹ fi lítà wọ̀n ọ́n, torí gbogbo ike kọ́ ló kún. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni kí ẹ ti ra ọjà méjèèjì: owó tòmátì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìgbà òjò, ẹni tó fi ti oṣù kejì wé ti oṣù kẹfà, oṣù ló fi wé ara wọn, kì í ṣe ìlú. Irú ọjà kan náà sì ni. Bí ẹ bá ń ná Bódìjà, Mile 12 tàbí Oyíngbò ni kí ẹ lọ, ẹ má fi ṣọ́ọ̀bù inú ẹ́sítéètì wé e. Àmọ́ ẹ bi ara yín bóyá ẹ máa ráyè lọ sí Mile 12 lóòótọ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìsọ̀ ẹnu ọ̀nà lẹ máa padà máa rà, owó ìsọ̀ ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ kọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi iye kílò tí ilé yín ń jẹ lóṣù sọ owó Ìbàdàn di púpọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá sún mọ́ owó oúnjẹ tí ẹ rí ní ìpele 1, ohun kan wà tí ẹ ń rà tí kò sí nínú ìwé yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ òde ni.

Ìpele 6: Ọkọ̀, àti wákàtí

Ọjọ́ Sunday ni mo lọ wo ilé mi àkọ́kọ́ ní Èkó. Ìkòròdú ni ilé wà, iṣẹ́ wà ní Lagos Island. Ajẹ́ńtì tó mú mi lọ ní wákàtí kan ni, a sì dé láàárín ìṣẹ́jú 55, mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Mo san owó. Ní ọjọ́ Monday àkọ́kọ́, mo jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo rò pé mo tètè jáde. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ mú wa ní Kétu, ó tún mú wa lórí Third Mainland, aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo wọ ọ́fíìsì. Ọdún kan gbáko ni mo fi san owó ọjọ́ Sunday yẹn.

Nítorí náà, ọjọ́ iṣẹ́ méjì tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀, ibí ló wà fún. Ẹ sùn sí àdúgbò náà, kí ẹ jáde ní aago tí ẹ máa ń jáde, kí ẹ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, kí ẹ sì padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti wọkọ̀: kẹ̀kẹ́ láti inú àdúgbò dé títì, 300, dáńfó, 1,000, ọkọ̀ kejì, 500. Àlọ jẹ́ 1,800, àlọ àtàbọ̀ 3,600. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó di 79,200. Ẹni tó ń wọ Míkírà kan ṣoṣo dé ibi iṣẹ́ ní Ìbàdàn kì í ronú kan ọkọ̀ kẹta yẹn.

Owó tí kọńdọ́ bá pè ní ọ̀sán kọ́ ló máa pè ní aago mẹ́fà àárọ̀, bí òjò bá sì ṣú, iye míì ni. Èyí tó wọ́n jù lẹ máa kọ. Ẹ wo bóyá BRT tàbí ọkọ̀ ojú irin kọjá lọ́nà yín: Blue Line ń ná Mile 2 sí Marina, Red Line ń ná Àgbádó sí Oyíngbò, ó sì ń dúró ní Ìjú, Agége àti Ìkẹjà. Káàdì Cowry kan náà ni wọ́n fi ń wọ gbogbo wọn. Ilé tó wọ́n díẹ̀, tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé ibùdókọ̀ ojú irin, lè dínwó ju èyí tí ọkọ̀ mẹ́ta ń dúró dè yín lọ.

Ẹ ro wákàtí pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú 35 ní Ìbàdàn tó di wákàtí méjì ní Èkó, àlọ àtàbọ̀, ọjọ́ 22, ohun tó fi lé sí i ju wákàtí 62 lọ lóṣù. Ju ọjọ́ iṣẹ́ méje lọ nìyẹn, nínú ọkọ̀. Wákàtí yẹn máa ń di owó: oúnjẹ tí ẹ máa rà lójú títì torí ẹ ò ráyè dáná, ẹni tí ẹ máa sanwó fún kó mójú tó ọmọ títí di aago méje alẹ́. Ẹ kọ wọ́n sí àyè tí ẹ fi sílẹ̀ ní ìpele 1.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí kò bá sí ọjọ́ Monday tàbí Tuesday nínú ìrìn àjò ìdánwò yín, ẹ kò tíì dán an wò.

Ìpele 7: Ilé ìwé àti ẹbí

Owó ilé ìwé, ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀: fọ́ọ̀mù, aṣọ, ìwé, lẹ́sìn (ẹ̀kọ́ àfikún), bọ́ọ̀sì. Owó táàmù nìkan kò tó. Ní ti ẹbí, àwọn tó kù sílé á rò pé owó ti ń ya wọlé ní Èkó, ohun tí wọ́n ń béèrè á sì pọ̀ sí i. Ẹ fi díẹ̀ kún un. Ẹ sì kọ owó tí ẹ máa fi wálé. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣírò iye èèyàn tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ mọ́tò tàbí ọkọ̀ ojú irin Ebute Mẹ́tta sí Mọ́níyà.

Ìpele 8: Ẹ kó o pọ̀

Ìdílé àpẹẹrẹ wa nìyí. Ìbàdàn lóṣù: ilé 42,000, iná àti epo 25,000, oúnjẹ 85,000, ọkọ̀ 22,000, ilé ìwé 30,000, ẹbí àti ìyókù 26,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 230,000. Nínú 260,000, wọ́n ń dá 30,000 sí àjọ.

Èkó: ilé 100,000, iná àti epo 38,000, oúnjẹ 105,000, ọkọ̀ 79,000, ilé ìwé 50,000, ẹbí àti ìyókù 30,000, owó ìrìn àjò wálé 16,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 418,000. Owó oṣù tuntun jẹ́ 400,000. Wọ́n fi 140,000 kún owó oṣù, síbẹ̀ gbèsè 18,000 ni wọ́n ń jẹ lóṣooṣù, àjọ sì ti dáwọ́ dúró.

Iye tí wọ́n nílò ni 418,000 pẹ̀lú 30,000 tí wọ́n ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀, èyí jẹ́ 448,000. Bí owó ìwọlé 480,000 náà bá ti àpò wọn wá, ẹ fi 12 pín in, ẹ fi 40,000 kún un fún ọdún àkọ́kọ́: 488,000. Nọ́ńbà yẹn lẹ̀ ń wá látàárọ̀.

Ẹ ṣọ́ra: iye tó bá wọ àkáǹtì ni kí ẹ fi wé e, ẹ má fi iye inú lẹ́tà iṣẹ́ wé e. Wọ́n á yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fún pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n á yọ owó-orí. Òfin owó-orí owó oṣù kò yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, Èkó kò ní gbà jù Ọ̀yọ́ lọ. Láti January 2026, òfin tuntun ti fàyè gbà yín láti yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé yín kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, àmọ́ ohun tí ẹ máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 lọ. Lórí ilé 1,200,000, ó jẹ́ 240,000. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé, ẹ fún ibi iṣẹ́ ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó fi bíi 37,000 kún un. Bí ìyẹn bá gbé gbogbo ìṣirò yín ṣubú, àyè tí ẹ fi sílẹ̀ ti há jù.

Ẹ tún ìṣirò náà ṣe fún àdúgbò méjì tó kù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá ilé iṣẹ́ lóhùn. Bí nọ́ńbà náà bá ju ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bí wọn kò bá lè fi kún owó oṣù, ẹ béèrè owó ilé ọdún kan lápapọ̀, tí wọ́n á máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù, tàbí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ láti ilé. Ọjọ́ méjì yẹn nìkan máa dín ọkọ̀ kù ní ìdá méjì nínú márùn-ún, 79,200 á sún sẹ́yìn di nǹkan bíi 47,500. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, pẹ̀lú ọjọ́ tí owó náà máa wọlé. Kí ọjọ́ yẹn ṣáájú ọjọ́ tí onílé fẹ́ gba owó rẹ̀.